Ta Lo Mọ̀ Lókè? Ìbátan, Olóṣèlú àti Ìwé Ìgbélùú, láti Ìkòyí dé Tamale dé Boston

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó máa bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìpè kan tó wọlé ló yí ètò mi padà. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ló pè mí. Lẹ́yìn tó kí mi tán, tó bi mí léèrè orúnkún mi, ó ní: "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àbúrò mi wà ní London. Ó tọrọ ìsádi, wọ́n sì kọ̀ ọ́. A gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n sẹ́nétọ̀ kan níwèé. Àna wa náà ni sẹ́nétọ̀ ọ̀hún. Bí ẹ bá lè kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n bá wa bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀."

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rò láàárín ọjọ́ méjì náà ni mo kọ síbí.

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Bí ènìyàn bá ní ìbátan tó jẹ́ olóṣèlú, ṣé ó ń mú kí wọ́n fún un ní ìwé ìgbélùú, tàbí kí wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá sá di wọ́n? Bí ẹ bá bi àwọn tó wà ní gáréèjì, wọ́n á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa!" Bí ẹ bá bi àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n á ní òfin ni òfin. Èmi òpìtàn kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn láìwo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti bí mi, ìlú tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire lónìí. Ẹ ò bi mí pé kí ló dé tí a fi "Ilé" kún orúkọ rẹ̀? Ìdí ni pé ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ Ìkòyí kò sí nílé. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, ìlú àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ni ìlú wa. Nígbà tí ogun Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó káàkiri ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìkòyí fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ogun náà kò kó. Kì í ṣe àwọn ará Ìkòyí nìkan ló sá lọ síbẹ̀. Àwọn ará ìlú tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló kó ẹrù wọn wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó sì sọ ìlú kékeré yẹn di ìlú ńlá nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe gbà wọ́n? Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí físà. Ẹni tó bá dé á wá ilé ìyá rẹ̀, ilé àna rẹ̀, tàbí ilé olóyè kan tó mọ bàbá rẹ̀. Onílé yẹn ló máa mú un lọ síwájú, tó máa ní, "Ẹni mi ni." Ó parí. Wọ́n á fi ilẹ̀ hàn án, á kọ́lé, á dáko. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ló wà nínú ewu, torí pé láyé ogun, àlejò tí kò ní alátìlẹ́yìn ni wọ́n lè mú tà. Nítorí náà, lọ́dọ̀ àwọn baba wa, "Ta lo mọ̀?" kì í ṣe ojúsàájú. Òun gan-an ni òfin ìgbélùú. Ẹni bá fẹ́ lóye ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi fi pè mí, kó má gbàgbé èyí. Kò ronú ìwà ìbàjẹ́ rárá, ọ̀nà tí àwọn baba rẹ̀ fi yè ló ń rìn.

Nígbà tí ogun tán tí ọ̀nà sì ṣí, àwọn èèyàn wa di arìnrìn-àjò. Àwọn ará Èjìgbò forí lé Abidjan. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Ìnísà gba Gold Coast lọ, ibi tó di Gánà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ènìyàn níbẹ̀ ní 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000). Kò sí ọjà ńlá kan tí obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń ta aṣọ, wọ́n ń ta wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́.

Níbẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí ohun tí ìsúnmọ́ olóṣèlú lè ṣe fún àlejò, kò sì dára. Ní oṣù Kẹjọ 1957, òmìnira kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìjọba Nkrumah ní kí Alhaji Amadu Baba, tó jẹ́ olórí Zongo ní Kùmásí, àti Alhaji Othman Larden Lalemi, tó jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Mùsùlùmí, kúrò nílùú. Ẹgbẹ́ alátakò làwọn méjèèjì ń bá ṣe. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní ọmọ Gánà làwọn. Ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́ nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tó dárúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú kó wọn lọ sí Kánò. Ẹ wò ó dáadáa. Ká ní àwọn ọkùnrin yìí jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ọjà wọn ni, ta ni ì bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá? Ìṣèlú tó gbé wọn ga náà ló sọ wọ́n di àjèjì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ tèmi.

Ọmọ ọdún 17 ni mí ní 1969, Tamale la sì wà. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta lórí oyè, pàṣẹ pé àjèjì yòówù tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gánà. Òfin pé kí àjèjì ní ìwé ti wà nílẹ̀ láti 1963, ṣùgbọ́n ta ló kà á sí? Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n bí bàbá wọn sí Gánà. Lójijì, ọjọ́ 14 péré ló kù.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ kò sí ní Gánà nígbà náà, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, ó sì yá láti ní àjèjì ló gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, ogun abẹ́lé ṣì ń jà, ìjọba tiwa kò rójú ti wa. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ ní Addis Ababa, wọ́n fẹnu kò lórí àdéhùn tó dára gan-an nípa àwọn tó sá àsálà. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò kan oníṣòwò. Ẹni tó bá sá fún inúnibíni tàbí ogun ló kàn.

Ọ̀rọ̀ wá di ta lo mọ̀. Bàbá Kékeré ti fẹ́ ọmọ onílẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin sì súnmọ́ àwọn olóṣèlú àdúgbò. Gbogbo agboolé wa ló ń wo ọkùnrin yẹn lójú. Mo rántí alẹ́ tó wá sílé wa. Ìyá mi fi iṣu gbígbóná síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Àṣẹ yìí ti òkè wá, n kò lè yí i padà." Ṣùgbọ́n ó mọ ọ́fíìsì tí a ó lọ, ó mọ ìwé tí wọ́n ń béèrè, ó mọ wákàtí tí ó yẹ kí ènìyàn ti wà lórí ìlà. Ní ọjọ́ kẹta, òun àti Bàbá Kékeré jọ jáde láàárọ̀ kùtù. Wọ́n gba ìwé kan bọ̀, orúkọ Bàbá Kékeré ló wà lórí rẹ̀.

Bàbá mi kò rí gbà. Wọn kò ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹni tí kò bá sì ní in, Accra ló máa lọ wá a, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sùn síta. Wọ́n ta ọjà wọn ní ìdá mẹ́ta owó tí wọ́n fi rà á. A gba ọ̀nà Tógò àti Dahomey bọ̀, pẹ̀lú àpótí méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. A wọ Ìkòyí-Ilé kí Kérésìmesì tó dé. Bàbá mi, tí wọ́n ti fi ogún ọdún ta kẹ̀kẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Títí wọ́n fi kú, wọ́n gbà pé àbúrò wọn kò dárúkọ wọn fún àna rẹ̀. Wọn kò jà o, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ ju "ṣé àlàáfíà ni" lọ bí Bàbá Kékeré bá wálé ọdún. Ó pẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi kí n tó ráyè bi Bàbá Kékeré léèrè. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Mo dárúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àna mi ní ẹni tó fẹ́ àbúrò òun lòun lè dúró fún, pé bí òun bá mú ẹni kejì dání, wọ́n á lé àwa méjèèjì." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó dùn mí pé bàbá mi kò gbọ́ ọ.

Òwe wa kan wà tí gbogbo yín mọ̀: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Láti 1969 ni mo ti ń rò pé òwe yìí kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ kò kàn. Nígbà tí wọ́n bá fi ìbátan pín ìwé, kì í ṣe ẹni tí kò ní ìbátan nìkan ló ń pàdánù. Ìbátan fúnra rẹ̀ máa ń pín sí méjì.

Kí n tó kúrò ní Gánà, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìparí ìtàn Busia. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹni tó mọ̀ nípa ìgbékùn dáadáa. Ní 1959 ló sá kúrò ní Gánà nítorí Nkrumah, ó sì kọ́ni ní ilẹ̀ àwọn Dutch àti ní Oxford. Ní oṣù Kìíní 1972, nígbà tó lọ gba ìtọ́jú ní ìlú òyìnbó, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò padà sílé mọ́. Oxford ló kú sí ní 1978. Ẹni tó fún àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì di àlejò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Kí á má sì ṣe bí ẹni pé Gánà nìkan ló ṣe é. Ní oṣù Kìíní 1980, ìjọba Shagari mú Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman, olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé aṣòfin Borno, wọ́n sì jù ú sí ilẹ̀ Chad, wọ́n ní bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ ní ọmọ Nàìjíríà ni. Àwọn Amadu Baba kò rí irú ìdájọ́ yẹn gbà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà, bí mílíọ̀nù kan wọn. Ẹ mọ àpò tí a fi orúkọ wọn pè títí dòní.

Ṣé àwọn òyìnbó yàtọ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ìbátan rẹ̀ ga jù láyé. Barack Obama ní àbúrò bàbá kan lóbìnrin tí ń jẹ́ Zeituni Onyango, ọmọ Kenya. Ó dé Amẹ́ríkà ní 2000, ó tọrọ ìsádi ní 2002, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 2004, wọ́n ní kó máa lọ. Kò lọ. Ilé ìjọba ló ń gbé ní Boston. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò ní oṣù Kọkànlá 2008, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, ní oṣù Karùn-ún 2010 adájọ́ sì fún un ní ìsádi. Ariwo ta: "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ààrẹ!"

Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ gbé e lé ni pé ẹnì kan nínú ìjọba ló tú àṣírí ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, gbogbo ayé sì ti wá mọ ẹni tó jẹ́. Bí ó bá padà sílé, ewu tó wà níwájú rẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìbátan ló ràn án lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé Ààrẹ ló ràn án lọ́wọ́? Ilé Ààrẹ ní àwọn kò dá sí i, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀rí òdìkejì hàn. Ìbátan náà di ara ẹjọ́, kò di òǹtẹ̀ lórí ìwé.

Àbúrò bàbá Obama mìíràn, Onyango Obama, dé Amẹ́ríkà ní 1963 láti kàwé. Wọ́n ní kó máa lọ ní 1992, òun náà kò lọ. Ní 2011 ọlọ́pàá mú un ní Framingham pé ó mutí wakọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2013, adájọ́ kan náà tó dá ẹjọ́ Zeituni ní kó máa gbé, nítorí òfin kan wà tó gba ẹni tó bá ti wọlé kí 1972 tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ti ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà náà, láyè láti gba ìwé. Ilé Ààrẹ ti kọ́kọ́ ní kò sí àkọsílẹ̀ pé àwọn méjèèjì pàdé rí. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ ní kóòtù pé Obama gbé lọ́dọ̀ òun fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó ń kọ́ òfin, wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ. Òfin yẹn wà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó wọlé ṣáájú 1972 ló mọ̀ pé ó wà? Mélòó ló rí agbẹjọ́rò tó máa jókòó wá a jáde fún wọn?

Ìwọ̀nyí ló rán mi létí àna wa ní Tamale. Kò yí àṣẹ padà. Ó mọ ọ́fíìsì ni.

Ti Bìrìtìkó tilẹ̀ hàn kedere jù. Ní 2004, David Blunkett ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, òun ló sì ń rí sí ọ̀rọ̀ wọlé-wọ̀de. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ìwé ìgbélùú obìnrin kan tó ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ tọ́mọ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí Sir Alan Budd rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé náà gba ọ́fíìsì mínísítà kọjá, kò sì rí ẹ̀rí tó fi lè sọ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ. Kí ìwádìí náà tó jáde, Blunkett ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Níbẹ̀ náà, ohun tí ìsúnmọ́ fà kò ju pé ìwé yá lọ. Èkejì, mínísítà kan pàdánù ipò rẹ̀ nítorí ohun tí àwa ń pè ní ìrànlọ́wọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí ìtàn kọ́ mi, mo rí ọ̀nà mẹ́ta tí ìbátan olóṣèlú fi ń wọ ọ̀rọ̀ ìwé. Èkíní, ó ń ṣí ojú ọ̀nà: ẹni tí o mọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ó mọ agbẹjọ́rò, ó mọ bí nǹkan ṣe ń yá. Èyí wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ṣòro jù láti dẹ́bi fún. Èkejì, ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí wọ́n ń dọdẹ, bíi ti Amadu Baba àti Shugaba. Ẹ̀kẹta, ewu yẹn gan-an lè di ẹ̀rí. Àdéhùn Geneva ti 1951 dá ààbò bo ẹni tí wọ́n ń lépa nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ àwùjọ tó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ sì ti gbà pé ẹbí lè jẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti jà lórí ìyẹn: ní 2019 agbẹjọ́rò àgbà wọn ní ẹbí lásán kò tó, ní 2021 ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fagi lé e. Ọ̀nà kẹrin tí gbogbo wa ń fọkàn sí, pé ẹni ńlá á gbé fóònù, adájọ́ á sì yí ẹnu padà, n kò rí i nínú gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi padà. Mo bi í pé, "Kí ni àbúrò rẹ ní òun ń sá fún?" Ó ní àwọn jàǹdùkú òṣèlú ni, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà lórí oyè. Mo ní, "Ìwọ náà wò ó. Bí sẹ́nétọ̀ bá kọ lẹ́tà pé ọmọ dáadáa ni, àna òun ni, kí ni adájọ́ máa sọ? Á ní ẹni tí sẹ́nétọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún, ta ló tún ń lé e?" Ó dákẹ́ títí, mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Ó wá ní, "Prof, a ò rò ó débẹ̀."

Mo sọ fún un pé ní ìlú òyìnbó, ẹni tí wọ́n kọ̀ tó ṣì wà nílùú ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, níwájú adájọ́ tí kò sí lábẹ́ olóṣèlú kankan. Ọjọ́ 14! Nígbà tí mo gbọ́ iye yẹn, ara mi bù máṣọ. Mo ní kí wọ́n má fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣòfò lórí wíwá sẹ́nétọ̀ kiri. Kí wọ́n wá agbẹjọ́rò, kí wọ́n kó ìwé ọlọ́pàá jọ, ìwé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Kí ọmọ náà sì sọ òtítọ́, kó má yá ìbátan tí kò ní.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi mìíràn tó ń ṣe agbẹjọ́rò ní London, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ìwé ọmọ náà, ó sì gbà. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ohun tí àna wa ṣe ní Tamale ni mo ṣe yẹn. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tí mo kọ́ níwèé, ta ló ń bá a pe agbẹjọ́rò? Mo ti ń ro ìyẹn láti ọjọ́ náà. Ẹjọ́ wọn ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín wà lára àwọn tó ti Gánà bọ̀ ní 1969, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà: ta ló rí ìwé gbà nínú agboolé yín, ta ni kò rí gbà, ta sì ni ẹ mọ̀ lókè nígbà náà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ti bi ẹnì kan léèrè lọ́wọ́ tèmi, ó kàn jẹ́ pé mo pẹ́ jù fún ẹnì kejì.

Bó bá di ìgbà mìíràn, a ó padà sí ọjà Ògbómọ̀ṣọ́. Ire o.